Ìwé Wolé-wolé

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wọ kakí ìjọba,
mo ń wá tanwíjí nínú àmù onílé,
mo ń fi ọ̀pá tú ìdí gọ́tà wò.
Bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè,
"Wolé-wolé dé o!"
ilẹ̀kùn á máa pa dé gbàgà, gbàgà.

Ní báyìí, owó ìfẹ̀yìntì ń bọ̀ bí ìgbín tó ń gun Òkè Mápó.
Mo jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ ní Kúdẹtì.
Etí mi ọ̀tún ti dákẹ́;
èyí tó kù, àwọn ọmọ ráàpù fẹ́ jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n gba kọnténà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì,
wọ́n fi páálí ẹyin bo inú rẹ̀,
wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré síta, ó ń húkọ́.
Múkáílà ló ń to ìlù jọ lórí fóònù tójú rẹ̀ ti sán.
Àbẹ̀jẹ́, ọmọ iṣẹ́ télọ̀,
ọ̀rọ̀ ń ta lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo nínú agbada.

Mo gbé ọ̀pá mi lọ bá wọn lálẹ́ ọjọ́ kan.
"Ariwo kí lèyí? Ẹ ò nílé ni?"
Àbẹ̀jẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú.
Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo gọ́tà àdúgbò yìí lórúkọ."

Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti bi mí ní nǹkan tí mo mọ̀.

Mo délé, mo tú àpótí.
Ìwé náà ṣì wà, ikán ti jẹ etí rẹ̀:
agbolé kan tẹ̀lé èkejì,
ta ló kọ́lé sójú àgbàrá, ta ló ń da ilẹ̀ sódò,
ta ló fún mi ní náírà márùn-ún kí n má kọ òun,
mo sì gbà á.
Mo kọ ìyẹn náà síbẹ̀.
Lọ́dún kẹta, omi gba ilé ọ̀hún kọjá.
Ọmọ méjì.
Ìyẹn ni mi ò kọ.

Àbẹ̀jẹ́ ka ojú ìwé yẹn, kò wojú mi.
Mo sọ ìyókù fún un.
"Bàbá, ṣé kí n fò ó?"
Mo ní, "Má fò ó."

Ní Sátidé, wọ́n gbé sípíkà sórí ọmọlanke,
ṣọ́bìrì mẹ́fà, bàtà òjò méjì péré.
Ó dúró lórí afárá, ó là á mọ́lẹ̀:

Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì,
omi ni ò mọ onílé, omi ò mọ àlejò.
Ọ̀rá píọ́wọ́tà tó o jù nù lánàá
ló ń kanlẹ̀kùn lónìí, dìde, ṣí i fún un!
Wolé-wolé wọlé, náírà márùn-ún ló bá jáde;
omi wọlé, ọmọ méjì ló gbé jáde.

Àwọn tó ń tilẹ̀kùn mọ́ mi láyé ọjọ́sí,
ọmọ wọn ló ń sáré bọ̀ wá gbọ́
bóyá orúkọ agbolé àwọn á jáde.
Bó bá jáde, ọkùnrin kan á sún síwájú,
á mú ṣọ́bìrì, kò ní wo ẹnikẹ́ni.

Kánsẹ́lọ̀ náà dé, tòun ti àpòòwé:
"Ẹ ṣáà fi orúkọ tèmi náà sí i."
"A máa fi sí i, sà. Afárá tẹ́ ẹ ṣèlérí lọ́dún ìbò,
ojú ìwé wo ni ká wá a sí?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú.
Mi ò mọ ibi tí àpòòwé yẹn wọlé sí.
Lọ́sẹ̀ kejì, Múkáílà ra fóònù tuntun.
Mi ò béèrè. Ọwọ́ tèmi náà ti gba náírà márùn-ún rí.

Lálẹ́ àná, òjò ṣú lápá Òkè Àdó.
A kó tọ́ọ̀ṣì, a lọ dúró sórí afárá.
Omi ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó dúdú,
ó gbé páálí ẹyin kan dání.
Àbẹ̀jẹ́ ń sọ nǹkan sí etí mi tó ti dákẹ́.
Mo yí èkejì sí i.